Igbe Tí Wọn Kò Rí Fọ̀

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí orin kan ti ń jà mí lọ́kàn. Orin náà kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Little Richard, olórin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́ sínú àwo ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1955 ní New Orleans, "Tutti Frutti" sì lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka ìtàn orin rock and roll díẹ̀ yóò ti gbọ́ pé wọ́n fọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó gbé e jáde, torí pé ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ohun tí rédíò lè gbé sáfẹ́fẹ́. Ìyẹn kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ohun tí n kò rí gbé mì ni pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀ ni wọ́n yọ, èyí tí wọ́n ní kò nítumọ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn gan-an sì ni gbogbo ayé gbà mọ́ra.

Ẹ mọ igbe náà. Awop-bop-a-loo-mop-a-lop-bam-boom. Kò sí dùùrù níwájú rẹ̀, kò sí ìlù, kò sí fèrè. Ohùn ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ já wọlé, òun nìkan, ó sì ti parí ohun tó fẹ́ sọ kí àwọn tó kù tó gbọ́wọ́ sókè. Ní 2007, ìwé ìròyìn orin Mojo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì to ọgọ́rùn-ún àwo tó yí ayé padà, àwo yìí ni wọ́n fi síwájú gbogbo wọn. Ní 2010, Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà, fi í sára àwọn ohùn tí orílẹ̀-èdè náà gbọ́dọ̀ tọ́jú. Síbẹ̀, bí àwọn òǹkọ̀wé bá dé orí igbe náà, wọ́n á ní ariwo lásán ni, wọ́n á sì kọjá lọ sórí irun rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀.

Èmi kò gbà pé ariwo lásán ni. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ tí mo tún ń gbọ́ ọ, ó ń dá mi lójú sí i pé èsì ni. Ẹnìkan ti sọ̀rọ̀ kí Richard tó ké.

## Ìkòkò ìdọ̀tí ní Macon

Macon, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ni wọ́n bí Richard Wayne Penniman, tí ayé wá mọ̀ sí Little Richard, sí ní 1932. Ọmọ méjìlá ni ìyá rẹ̀ bí. Bàbá rẹ̀ jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún ń ta ọtí tí òfin kò fọwọ́ sí, ó sì ní ilé ijó. Ní 1952 wọ́n yìnbọn pa bàbá yìí, ẹrù ilé sì bọ́ sí èjìká àwọn ọmọ. Richard ti ṣe àwo díẹ̀ nígbà náà, wọn kò tà. Ó lọ ń fọ abọ́ ní ilé ìdáná ibùdókọ̀ Greyhound ìlú wọn.

Ibẹ̀ ni igbe náà ti wá. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún ìwé ìròyìn Rolling Stone ní 1970. Ìkòkò ni ọ̀gá ń kó wá, bó bá fọ èyí tán, òmíràn tún dé, kò sì lè fèsì. Lọ́jọ́ kan tó sú u pátápátá, ó ké e jáde, awop-bop-a-loo-mop, pé kí wọ́n kó ìkòkò wọn kúrò níwájú òun. Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tó wà. Ní Georgia ìgbà yẹn, òfin kò gbà kí aláwọ̀ dúdú jókòó jẹun níbi tí aláwọ̀ funfun ti ń jẹun, ibùdókọ̀ kò sì yàtọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú tó bá la ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ lè pàdánù ju iṣẹ́ lọ.

Èmi náà ti fọ abọ́ rí, ní búkà ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Mo mọ bó ṣe máa ń rí bí ẹni tó gbé ìkòkò dé kò bá wo ojú ẹni tí yóò fọ̀ ọ́. Wọ́n tọ́ wa pé ọmọ kì í fèsì fún àgbà, nítorí náà orin ni mo máa ń kùn lábẹ́ ètè. Ṣùgbọ́n n kò ní fi tèmi wé tirẹ̀. Bó bá di alẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi á bu oúnjẹ, á ní kí n wá jókòó ti òun.

Richard tún máa ń sọ pé ìlù ni òun fi ẹnu lù nínú igbe náà, pé bí òun ṣe ń gbọ́ ìlù ọ̀hún nínú orí òun nìyẹn. Àwọn kan rò pé ìtàn méjèèjì takora. Lójú tèmi, ọ̀kan ni wọ́n. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé gígùn níbí: bí òwe bí òwe là ń lùlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní ń jó o, ọ̀mọ̀ràn ní ń mọ̀ ọ́n. A ti rí onílù tó fi gángan bú olówó ahun láàárín agbo, tí olówó náà ń jó sí i, tí kò sì sí ẹni tó lè mú onílù, torí kò la ẹnu. Ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ, ìlù a bá a sọ ọ́. Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé àwa gbọ́ èdè gángan. Ìlù tí Richard fi ẹnu lù, òun nìkan ló gbọ́ ọ, kò sí ọ̀gá tó lè tú u. Mo fẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, torí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí i ní New Orleans, lọ́wọ́ àwọn tí kò ní ibi kankan lọ́kàn sí i.

## Ó kọjú sí ògiri

Bó ṣe dé New Orleans kò gba ìtàn púpọ̀. Lloyd Price, olórin tí orin tirẹ̀ ti lókìkí, ló gbà á nímọ̀ràn pé kó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Specialty, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde ní Los Angeles. Oṣù ń gorí oṣù, Richard ń pè wọ́n lórí fóònù, kí Art Rupe tó ni ilé-iṣẹ́ náà tó gbà. Rupe rán Robert Blackwell, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bumps, kó lọ darí iṣẹ́ náà ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Cosimo Matassa, ẹni tó ń gba orin sílẹ̀ fún àwọn olórin, ní igun òpópónà Rampart àti Dumaine. Yàrá kékeré ni, àmọ́ ibẹ̀ ni Fats Domino, gbajúgbajà olórin ìlú náà, ti ń ṣe àwo rẹ̀, àwọn tó ń bá Fats lù ú sì ni wọ́n kó dúró de Richard.

Iṣẹ́ kò lọ dáadáa. Blackwell ti rí irun tó ga gègèrè, ó ti rí aṣọ tó ń dán, ó ń retí ohùn tó bá wọn mu. Blúùsì jẹ́jẹ́ ló gbọ́, ohùn ẹni tó ń ṣọ́ra kó má ṣe ṣì í. Nígbà tó sú wọn, wọ́n jáde lọ jẹun ní Dew Drop Inn ní òpópónà LaSalle, ilé ijó Frank Painia, níbi tí àwọn olórin dúdú tó bá gba New Orleans kọjá ti ń ṣeré. Dùùrù wà níbẹ̀, èrò sì wà níbẹ̀. Richard gun orí pèpéle, ó ké igbe náà, ó gbá dùùrù mú. "Tutti Frutti" ni, bó ṣe ń kọ ọ́ láti ọdún pípẹ́ ní àwọn ilé ọtí Gúúsù Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ nípa ìbálòpọ̀ ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin tí kò fi nǹkan kan bò.

Lójú ẹsẹ̀ ni Blackwell mọ̀ pé ohun tí òun ń wá rèé. Ó tún mọ̀ pé kò sí rédíò tó máa gbé e. Ó ránṣẹ́ pe Dorothy LaBostrie, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ti ń kó orin tó kọ wá bá a, pé kó wá fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò. Àmọ́ Dorothy gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ orin náà.

Ojú ti Richard. Dorothy pàápàá ń lọ́ra, kò mọ̀ bóyá òun fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Blackwell bẹ tọ̀tún, ó bẹ tòsì. Níkẹyìn Richard kẹ́yìn sí Dorothy, ó kọjú sí ògiri, ó sì ń kọ orin náà fún ògiri, ó tún un kọ, obìnrin náà jókòó, ó ń gbọ́.

Nínú gbogbo ìtàn rock and roll tí mo mọ̀, kò sí èyí tó mú mi dúró tó èyí. Ọkùnrin kan náà ni o! Kò tíì pẹ́ tó kọ orin yìí láàárín èrò, tí ojú kò tì í rárá. Kí ló wá dé tí ọ̀dọ́bìnrin kan ṣoṣo fi sọ ọ́ di ẹni tí kò lè wojú èèyàn?

Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Ní Dew Drop, kò sí ẹni tó ní kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ẹni tó bá gbọ́, ó gbọ́, ẹni tí kò gbọ́, ó ń jó. Orin náà wà láàárín àwọn tó ni ín, pẹ̀lú ọtí àti ẹ̀rín, ó sì ń lọ bí ó ṣe ń jáde. Níwájú Dorothy, orin náà di ẹjọ́. Wọ́n ní kó sọ ọ́ kedere, ní ẹyọ-ẹyọ, kí ẹnìkan lè mọ èyí tó yẹ kó fà igi lé. Mo tún rántí irú ẹni tí Richard jẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń bá àwọn eléré kiri, tó ń wọ aṣọ obìnrin lórí pèpéle tí wọ́n sì ń pè é ní Princess LaVonne, tó bá tún yá, á padà sórí eékún àdúrà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kì í ṣe ìsọkúsọ lásán ló kọ fún ògiri. Ayé tó ń gbé ni, wọ́n sì ń fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún un pé ayé yẹn kò ní àyè lórí àwo.

N kò bá Dorothy jà. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe, ó sì ṣe é kíá. Láìsí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, àwo náà kì bá tí jáde, èmi náà kì bá tí gbọ́ ọ. Ó kọ nípa ọmọbìnrin méjì, Sue àti Daisy, ọ̀rọ̀ tí ìyá kan kò ní tìtorí rẹ̀ pa rédíò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí igbe náà. Kò sí ẹni tó bi Richard pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ tí wọ́n lè fà igi lé, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀. Ohun tó ti inú ìkòkò ìdọ̀tí Macon jáde, tó jẹ́ èsì ẹni tí kò gbọdọ̀ fèsì, wọ inú àwo lódindi, ó sì ṣíwájú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pa ọkùnrin yìí lẹ́nu mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni igbe yẹn ṣẹ́ kù.

Nígbà tí Dorothy parí, bí ìṣẹ́jú 15 ló kù kí àkókò tí wọ́n san owó rẹ̀ tán. Ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń fi sídìí dùùrù fún àwọn orin tó ṣáájú, àmọ́ kò sí àyè mọ́ láti kọ́ ọ. Richard ní láti jókòó sídìí dùùrù fúnra rẹ̀ kó máa kọrin kó sì máa tẹ̀ ẹ́. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n kọ ọ́, ó parí. Mo gbà pé àìsí àkókò yìí ló gba orin náà là. Ká ní wọ́n ní wákàtí méjì sí i, wọn ì bá tún un ṣe, wọn ì bá dán an, wọn ì bá wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ju ti Richard lọ. Ohun tó mú kí ara èèyàn má lè gbé jẹ́ẹ́ bó bá gbọ́ ọ, ì bá ti bá a lọ.

## Ọwọ́ ọ̀tún Richard

Earl Palmer ló wà nídìí ìlù lọ́jọ́ náà. Ọmọ New Orleans ni, ó ti ń fi bàtà jó lórí pèpéle láti kékeré, jáàsì ló sì fẹ́ràn jù. Bí wọ́n ṣe ń lu orin ijó àwọn aláwọ̀ dúdú nígbà yẹn, ìró ìlù máa ń fà díẹ̀ kó tó já: gàn-an-gà, gàn-an-gà, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Ìdí máa ń mì sí i tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn. Richard kò tẹ dùùrù bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbá a lọ́gbọọgba, mẹ́jọ-mẹ́jọ, gà-gà-gà-gà, kò sí èyí tó gùn ju ìkejì lọ, kò sì sinmi.

Palmer ṣàlàyé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé bí òun ṣe ń gbìyànjú kí ìlù òun bá ọwọ́ ọ̀tún yẹn mu ni òun fi bọ́ sínú ohun tí ayé wá ń pè ní ìlù rock and roll. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n kò tẹ̀ lé e lọ́jọ́ kan. Bí mo bá fetí sí "Tutti Frutti", mo ṣì ń gbọ́ ìlù tó fẹ́ fà àti dùùrù tó kọ̀ láti fà, àwọn méjèèjì ń jìjàkadì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lára ohun tó mú kí orin náà gbóná tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí yóò fi di "Lucille" ní 1957, ìjà ti parí. Ìlù, gìtá àti fèrè saxophone ti di ọ̀kan, gbogbo wọn ń lù ú mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ìlù yẹn ni ọmọdé tó bá jókòó sídìí ìlù òyìnbó lónìí sábà máa ń kọ́kọ́ kọ́, ní Ìbàdàn tàbí ní London.

Charles Connor, tó ń lùlù fún un bí wọ́n bá jáde lọ ṣeré, sọ pé Richard mú òun lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin kí òun lọ fetí sí bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, pé ìró tí òun fẹ́ nìyẹn. Connor ló fi ìlù ṣí "Keep a Knockin'" ní 1957. Ní 1971, John Bonham, onílù ẹgbẹ́ olórin Led Zeppelin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìlù ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ó fi ṣí "Rock and Roll". Ẹ wo bó ṣe tò tẹ̀ léra: ọ̀gá sọ̀rọ̀, ẹnu dáhùn, ọwọ́ tẹ̀ lé ẹnu, ìlù tẹ̀ lé ọwọ́, àwọn tó ń gbé ní òdìkejì òkun sì tẹ̀ lé ìlù.

## Àwọn tó gbọ́ ọ

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Bob Dylan, tó di olórin ńlá lẹ́yìn náà, nígbà tó ń jáde ilé ìwé ní ìlú Hibbing ní 1959, ohun tó kọ sílẹ̀ pé òun fẹ́ ṣe láyé ni pé kí òun lọ dara pọ̀ mọ́ Little Richard. David Bowie, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nígbà tí òun kọ́kọ́ gbọ́ "Tutti Frutti" lọ́mọdé, ó dà bí ẹni pé òun gbọ́ ohùn Ọlọ́run. Jimi Hendrix ta gìtá lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ orúkọ Hendrix. Nígbà tí orin náà gbóná tí Richard sá lọ sí Los Angeles, James Brown ni wọ́n ní kó lọ ṣe àwọn òde ijó tí wọ́n ti gba owó rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn Beatles, ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá a ṣeré ní New Brighton nílẹ̀ wọn àti ní Hamburg ní Jámánì ní 1962, wọ́n sì ń kọ orin rẹ̀ títí wọ́n fi di ìlú mọ̀ọ́ká.

Òun fúnra rẹ̀ kò dúró síbẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1957, nígbà tó ń ṣeré káàkiri Ọsirélíà, ó rí iná kan tó kọjá lójú ọ̀run, ó kà á sí àmì pé kí òun fi orin ayé sílẹ̀, ó ju òrùka rẹ̀ sínú omi, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Alabama. Ó padà sídìí rock and roll, ó tún fi í sílẹ̀, ó tún padà. Àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ máa ń fi èyí ṣe ẹ̀rín. Èmi kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Ẹni tó bá ti dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ti rí akọrin tí ìjọ ń dá lẹ́jọ́ torí pé ó kọrin lóde ìnáwó, mọ̀ pé ìrora ni. Ọkùnrin tó kọjú sí ògiri ní New Orleans kò tíì bọ́ níwájú ògiri yẹn.

## Ohun tí bébà lè gbé

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1956, Pat Boone, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun tí kò sí òbí tí kò fẹ́ràn rẹ̀, kọ "Tutti Frutti". Wọ́n tún ọ̀rọ̀ tí Dorothy ti fọ̀ fọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, orúkọ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Joe Lubin sì wọ ìwé orin náà nítorí ìyẹn. Ti Boone gòkè dé ipò 12 lórí àtẹ orin gbogbogbò, ti Richard kò tó o. Lórí àtẹ àwọn aláwọ̀ dúdú, ti Richard dé ipò 2. Richard máa ń sọ pé àwọn ọmọ òyìnbó a gbé àwo Boone sórí tábìlì kí òbí lè rí i, wọ́n á fi ti òun pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀.

Ẹ gbọ́ bí Boone ṣe ké igbe náà. Kò fi ohùn kan sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló pe bó ṣe wà lórí bébà. Síbẹ̀ ohun tí à ń gbọ́ ni ẹni tó ń kàwé. Èmi kò pè é ní olè, ohun tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní kó ṣe ló ṣe. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìwé nìkan ló rí gbà, kò sì sí ìkòkò nínú ìwé.

Blackwell àti Richard mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orin tó tẹ̀ lé e, "Long Tall Sally", wọ́n mú un yára gan-an, wọ́n ní kí Richard kó ọ̀rọ̀ jọ sẹ́nu kó máa tú wọn jáde wéréwéré, kí Boone má bàa rí ẹnu fi tẹ̀ lé e. Boone ṣì kọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ti Richard dé ipò 6 lórí àtẹ gbogbogbò, ó ga ju ti Boone lọ.

Ibí ni ọ̀rọ̀ náà ti di ti owó, ibẹ̀ ló sì ti dùn mí jù. Nígbà yẹn, ohun méjì ni òfin tó ń dáàbò bo orin mọ̀ jù: ọ̀rọ̀, àti bí ohùn ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí èèyàn lè kọ sórí bébà ni. Richard ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí "Tutti Frutti" fún ilé-iṣẹ́ ní dọ́là 50, ìdajì sẹ́ǹtì ni wọ́n sì ní wọn yóò máa san fún un lórí àwo kọ̀ọ̀kan. Ní 1984 ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ó ń bèèrè owó tó lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n sì yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn ní 1986. Ó dára, ó ṣe tán, orúkọ rẹ̀ wà lórí bébà, ó ní ohun tó lè di mú jà. Earl Palmer ńkọ́? Owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n san fún un. Kò sí bébà tó ní àyè fún ìlù. Bí ìlù tó dá sílẹ̀ ṣe wọ inú àìmọye àwo kárí ayé, kò sí àwo kan nínú wọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè lábẹ́ òfin.

Ẹ̀yin tó ń gbọ́ jùjú àti fújì mọ ohun tí mò ń wí. Onílù tó dá àrà tuntun lóde ìnáwó, owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn níwájú lálẹ́ ọjọ́ náà ni tirẹ̀. Bó bá dọ̀la, àrà náà ti di ti gbogbo ayé. Mo máa ń bínú bí mo bá rí ìwé tó to orin àgbàyanu lẹ́sẹẹsẹ, tó kọ orúkọ olórin àti ọdún, tó sì dákẹ́. Àwọn tó ṣe "Tutti Frutti" ní orúkọ. Lee Allen àti Alvin Tyler ló fọn saxophone. Frank Fields ló ta báàsì, ohun èlò olókùn ńlá tó ń dún nísàlẹ̀, Justin Adams ló ta gìtá. Matassa ló gbé ẹ̀rọ agbóhùn kalẹ̀ nínú yàrá tóóró yẹn. Mo kọ wọ́n síbí torí kò wọ́n mi, kò sì yẹ kó wọ́n ẹnikẹ́ni.

Ní ayẹyẹ Grammy ọdún 1988, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn olórin ní àmì ẹ̀yẹ ní Amẹ́ríkà, wọ́n pe Richard jáde kó wá kéde olórin tuntun tó pegedé jù. Ó ṣí ìwé, ó ní òun ni. Ó tún un wí, pé òun ni. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n dìde dúró, ó sì sọ fún wọn lójú gbogbo ayé pé wọn kò fún òun ní Grammy kankan rí, bẹ́ẹ̀ òun lòun fi ìpìlẹ̀ rock and roll lélẹ̀. Mo ti wo fọ́nrán yẹn dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ eré kọ́ ló ń ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí kò fi ìlù bò ó, ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere ló fi sọ ọ́, ó sì kọjú sí wọn. Ní 1993 ni wọ́n tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ àpapọ̀ iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Rock and Roll Hall of Fame, ilé tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn àgbà orin rock and roll, ti gbà á wọlé ní 1986, ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹnikẹ́ni. Ó di 2000 kí wọ́n tó dá ipò kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń lù lẹ́yìn olórin, Palmer sì wà lára àwọn márùn-ún tí wọ́n kọ́kọ́ fi síbẹ̀. Ó ti di ẹni ọdún 75.